Ẹnu Tí Kò Bára Mu: Ìtàn Ṣájà Ọkọ̀ Oníná Lójú Ọ̀nà Jíjìn

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2022, a dúró níwájú ṣájà mẹ́tàlá ní ibùdó ìsinmi kan lẹ́bàá ọ̀nà A1, ọ̀nà tó ti Lọ́ńdọ̀nù gba àríwá lọ. A ò ní dárúkọ ibùdó náà, a ò sì ní dárúkọ àwọn tó ni ín. Méjìlá nínú àwọn ṣájà náà jẹ́ tuntun, iná ń tàn yòò lójú wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnu wáyà rẹ̀ wọ ọkọ̀ wa. Ìkẹtàlá nìkan ló wọ̀ ọ́. Òun ló dàgbà jù, ó wà ní ìkángun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ìdalẹ̀nù, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Lórí fóònù wa, máàpù kun òun náà ní àwọ̀ ewé: ó ń ṣiṣẹ́, ẹ máa bọ̀.

Màmá wa wà lẹ́yìn ọkọ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá láti wá wẹ ọmọ tí àbúrò wa bí sí Sunderland. Wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ṣé iná ò sí ni?"

"Iná wà, Mọ́mì. Ẹnu wọn ni ò bára mu."

"Ẹnu ta ni?"

"Ẹnu wáyà wọn àti ẹnu mọ́tò wa, mà."

Wọ́n wo ṣájà méjìlá náà lọ, wọ́n wò wọ́n bọ̀. "Ta ló wá ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọ náà máa pé ọjọ́ mẹ́jọ. Aago mẹ́wàá ni ìsọmọlórúkọ, Mọ́mì ni àgbà tó máa fi oyin àti ataare kàn án lẹ́nu, àwọn ló mọ orúkọ tí bàbá wa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ó ku nǹkan bí 150 kìlómítà ká dé ọ̀hún, bátìrì sì ku ìdá 14 nínú 100. Ọkọ̀ wa ni Nissan Leaf oníbátìrì 40 kílówáàtì-wákàtí, àlòkù. Tòkúnbọ̀ là ń pè é nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọdá òkun kankan: Sunderland tí à ń lọ yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé iṣẹ́ tí Nissan ṣí síbẹ̀ ní 1986, tí wọ́n sì ti ń ṣe Leaf láti 2013. Ọkọ̀ náà ń lọ sílé bàbá rẹ̀, ọ̀nà ni ò gbà á.

Ìbéèrè Mọ́mì la gbé wálé lọ́jọ́ náà, a ò sì tíì gbé e sílẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe jẹun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn kì í ṣe tuntun létí wa. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti bàjẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, a lè pa á ká sì lọ sùn. Tojú ọ̀nà yàtọ̀. Ẹnì kan jókòó níbì kan, ó yan ẹnu kan, ẹlòmíì jókòó síbòmíì, ó yan tiẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe yan àwọn ẹnu náà la fẹ́ sọ.

Kí a má tíì dá ọkọ̀ oníná lẹ́jọ́, ọkọ̀ elépo gan-an fojú rí nǹkan nígbà tirẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz, ìyàwó Karl Benz, kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, Eugen àti Richard, sínú ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbéra láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì. Ọkọ rẹ̀ ò mọ̀. Ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ, ọ̀nà náà sì jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà. Kò sí ilé epo kankan láyé nígbà yẹn. Nígbà tí epo tán, ọ̀dọ̀ apòògùn kan ní ìlú Wiesloch ló ti lọ ra ligroin, ohun tí wọ́n fi ń fọ aṣọ tó lábàwọ́n. Ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ tú ojú ọ̀nà epo tó dí, ó ní kí oníbàtà fi awọ bo búrẹ́ẹ̀kì tó ń jẹ. Títí di òní ni ilé oògùn Wiesloch ń fọ́nnu pé àwọn ni ilé epo àkọ́kọ́ láyé, a ò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè bá wọn jiyàn.

Ẹ wo ohun tí epo ní tí iná ò ní. Omi ni epo. Ó wọ ìgò, ó wọ kẹ́ẹ̀gì, ó wọ garawa. Apòògùn Wiesloch ò béèrè irú ọkọ̀ tí Bertha ń wà, ó kàn dà á fún un ni. Àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà mọ èyí dáadáa: nígbà ọ̀wọ́n epo, àwọn ọmọ tó ń ta bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà ń rọ́fúnẹ́ẹ̀lì sí ẹnu ọkọ̀ yòówù tó bá dúró. Iná mànàmáná ò ṣe é rọ báyẹn. Ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu kan wọ ẹnu kejì, ẹnu méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ti mọra tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ oníná ìgbà àkọ́kọ́ pọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kò rùn, kò pariwo, kò sí pé à ń fi irin yí i kó tó dìde. Clara, ìyàwó Henry Ford fúnra rẹ̀, Detroit Electric ló ń wà, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kó ọkọ̀ elépo jáde wìtìwìtì. Àárín ìlú ni ọkọ̀ oníná ti ń jayé. Tó bá ti jáde sí ìgbèríko, ọ̀rọ̀ bẹyìn yọ, torí iná mànàmáná ò tíì dé oko. General Electric gbìyànjú ẹ̀rọ ojú títì kan tí wọ́n ń pè ní electrant, tí èèyàn máa sọ owó ẹyọ sí kó tó gbé iná wá; kò gbilẹ̀. Ní Hartford, ilé iṣẹ́ iná ìlú náà gba ọ̀nà mìíràn láti 1910 sí 1924: èèyàn ra ọkọ̀ akẹ́rù láìra bátìrì, tí bátìrì bá kú, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ki òmíràn tó kún bọ̀ ọ́, ó sì ń san owó ìrìn rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ohun tó pa ọkọ̀ oníná lára jù, nǹkan iná náà ni. Ní 1912, Cadillac gbé ẹ̀rọ ìdánáọkọ̀ tí Charles Kettering ṣe sínú ọkọ̀ elépo. Bátìrì kékeré kan ló ń yí ẹ́ńjìnnì, kò sí pé irin ń ṣẹ́ èèyàn lápá mọ́. Ilé epo sì ti ń hù káàkiri. Bí eré bí eré, ṣájà ojú títì di ohun ìgbàgbé fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún.

California ló jí i. Ní 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá máa ta díẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kì í tú èéfín rárá. General Motors gbé EV1 jáde ní 1996. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ẹnu ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ti EV1 dà bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, pẹlẹbẹ. Wọ́n á kì í bọ ihò, iná á sì fò láti inú wáyà bọ́ sínú ọkọ̀ láìfara kan irin. Toyota RAV4 tiwọn náà ń lo àjẹ̀. Honda àti Ford ní tàwọn, irin ló gbọ́dọ̀ kan irin, wọ́n lo ẹnu kan tí wọ́n ń pè ní Avcon. Nítorí náà, ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ gbé ṣájà sí, oríṣi méjì ni wọ́n ń gbé. Ní 2001, ìjọba California yan ọ̀nà irin-kan-irin. Àwọn tó ní ọkọ̀ alájẹ̀ gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìròyìn òkú. Kò pẹ́ sí i, General Motors gba EV1 padà lọ́wọ́ àwọn tó yá a, wọ́n sì fọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bí agolo. Wáyà alájẹ̀ ṣì wà lára ògiri káàkiri California fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọkọ̀ tó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ni Japan. Ilé iṣẹ́ iná Tókíò, TEPCO, pẹ̀lú Nissan, Mitsubishi àtàwọn mìíràn, kó ara wọn jọ ní 2010 lábẹ́ orúkọ CHAdeMO. Orúkọ náà ní eré nínú: ó jọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Japan fi ń bi àlejò bóyá ó máa mu tíì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ife tíì kan tó tán, bátìrì ti gbé nǹkan. A fẹ́ràn orúkọ yẹn. Bí ẹni pé wọ́n sọ ṣájà kan ní "Ẹ Jókòó Ẹ Mumi" ni. Nissan Leaf jáde níparí ọdún 2010 pẹ̀lú ẹnu CHAdeMO nímú, fún ọdún díẹ̀ sì ni òun fi jẹ́ ẹnu tó gbajúmọ̀ jù. Ní 2013, Estonia di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fi ṣájà ayára bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀: 165 ni wọ́n gbé kalẹ̀, CHAdeMO ni ẹnu wọn, wọ́n sì tò wọ́n débi pé láti ọ̀kan sí èkejì lójú ọ̀nà ńlá ò ju nǹkan bí 60 kìlómítà. Orílẹ̀-èdè kékeré! Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 60 kìlómítà kan náà sófin fún àwọn ọ̀nà pàtàkì rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ecotricity, ilé iṣẹ́ iná tí Dale Vince dá sílẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé ṣájà sí àwọn ibùdó ìsinmi òpópónà márosẹ̀, láti 2011. Nissan bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni! Èèyàn á kọ̀wé béèrè káàdì, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé, ó fi kan ẹ̀rọ, iná wọlé. Àwọn tó ra Leaf nígbà yẹn ṣì máa ń sọ ọ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń sọ ìgbà tí náírà lágbára ju dọ́là lọ. Ní oṣù Keje 2016, ọ̀fẹ́ parí. £6 fún ìlàjì wákàtí, áàpù sì gbapò káàdì. Ìbéèrè tó ń jẹ wá lọ́kàn nípa ọdún ọ̀fẹ́ yẹn ni pé, ta ló ń tún ẹ̀rọ ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ò mówó wọlé? Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹ̀rọ tó kú ń pọ̀ sí i, títí Ecotricity fi ta gbogbo rẹ̀ fún Gridserve ní 2021.

Káàdì nìyẹn ní márosẹ̀. Bí èèyàn bá wọ ìgboro, káàdì mìíràn ni. Lọ́ńdọ̀nù ní Source London tiẹ̀ láti 2011, ìlú mìíràn ní tiẹ̀. Nígbà tí a ra ọkọ̀ wa, ẹni tó tà á fún wa fi ìdìpọ̀ káàdì mẹ́sàn-án lé wa lọ́wọ́ bíi ká fẹ́ ta ayò, mẹ́rin nínú wọn ti òkú ilé iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni áàpù dé: ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ orúkọ, ímeèlì, ọ̀rọ̀ aṣínà, £10 tí wọ́n á gbà sílẹ̀ ná. Ẹ ronú kan ilé epo tó máa ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ímeèlì yín sílẹ̀, kí ẹ tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́, nínú òjò, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí wáyà bá wọlé? Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò bìkítà fún un, ibẹ̀ sì ni àṣírí wà. Ohun tí à ń pè ní ṣájà, oríṣi méjì ni. Èyí tó lọ́ra ń gbé irú iná tó wà nílé wá. Ṣájà gidi wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àpótí ara ògiri kàn ń ṣílẹ̀kùn ni. Àpótí yẹn á máa lu ìlù kan sí ọkọ̀ létí, ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlù kọ̀ọ̀kan bá ṣe pẹ́ sí kó tó dákẹ́ ló ń sọ iye iná tí ọkọ̀ lè fà. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀! Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé ìyẹn fún ọmọ ilé onígángan.

Èyí tó yára ò bá ṣájà inú ọkọ̀ sọ nǹkan kan, bátìrì ló ń gbà lọ tààrà. Ewu wà níbẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ àti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ọkọ̀ ló ń pàṣẹ: fún mi ní báyìí, dín in kù, ó tó. CHAdeMO ní wáyà tí ọ̀rọ̀ yẹn ń gbà lọ́tọ̀, èdè tó ń sọ sì ni èdè tí àwọn ẹ̀yà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. CCS, ẹnu tí àwọn ará Jámánì àti Amẹ́ríkà jọ fi lélẹ̀ láti 2012, ní èdè tirẹ̀ pátápátá. Ẹ ò lè fi ádápítọ̀ kékeré, irú èyí tí a fi ń ki púlọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà bọ ògiri Lọ́ńdọ̀nù, parí ìjà yẹn. Ògbufọ̀ ni ẹ nílò, kọ̀ǹpútà tó máa jókòó láàárín.

Ìdí tún nìyí tí bátìrì fi ń lọ́ra tó bá ti kọjá ìdá 80 nínú 100. Ó dà bíi dánfó ní Oṣòdì. Àwọn èrò àkọ́kọ́ á sáré wọlé, wọ́n á jókòó. Nígbà tó bá ku ìjókòó méjì, kọ́ńdọ́ á máa bẹ̀bẹ̀ pé ẹ sún díẹ̀, ẹ gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, àkókò sì ń lọ. Ẹni tó gbọ́n lójú ọ̀nà jíjìn kì í dúró de 100. Àwọn Leaf tiwa tún ní àrùn mìíràn: kò sí omi tó ń tu bátìrì lára. Ṣájà ayára kìíní, kò séwu. Ìkejì, ara ti ń gbóná. Ìkẹta lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Láti 2018 ni àwọn onílé Leaf ti ń pariwo rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: rapidgate.

Àwọ̀ ewé tó tàn wá jẹ ńkọ́? Ṣájà òpópónà kì í dá wà. Ó ń bá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ èdè kan tí wọ́n ń pè ní OCPP, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ kan ní Netherlands, E-laad, ní nǹkan bí 2009. Ó máa ń ránṣẹ́ pé "mo wà láàyè." Tó bá dákẹ́, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ lè gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣe é, kó sì máa fi ipò tó gbọ́ kẹ́yìn hàn. Ipò yẹn ló ń lọ sí máàpù. Irú nǹkan báyìí, ọwọ́ àwa oníkọ́òdù ló ti ń wá, a ò ní parọ́: ẹni tó kọ ọ́ ò tíì dúró síwájú ẹ̀rọ tó kú lálẹ́ rí. Nítorí náà ni máàpù tó wúlò jù fi jẹ́ èyí tí àwọn dírọ́bà fọwọ́ ara wọn kọ nǹkan sí. PlugShare ní Amẹ́ríkà, Zap-Map nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2014, Open Charge Map tó jẹ́ ti gbogbo ayé láti 2011. Kì í ṣe àmì inú wọn là ń kà mọ́, ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Mo lò ó ní àná, wáyà òsì ṣiṣẹ́, tọ̀tún ò ṣe." Ẹ̀rí ojú nìyẹn.

Ní 2014, Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé ṣájà ayára tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ní CCS, ó kéré tán. Wọn ò ní kí wọ́n yọ CHAdeMO. Wọ́n kàn sọ ọ́ di àlejò. Tesla ní tirẹ̀ ti kọ́ ilé tara rẹ̀: oṣù Kẹsàn-án 2012 ló ṣí Supercharger mẹ́fà àkọ́kọ́ ní California, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń júwe ibi tí dírọ́bà máa dúró, kò sí káàdì, kò sí áàpù, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ó parí. Ẹni tí kò bá ní Tesla ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà ni. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2021, wọ́n ṣí i díẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn ní Netherlands. Ní 2022 wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ní Amẹ́ríkà máa lo ẹnu tàwọn, Ford sì gbà ní oṣù Karùn-ún 2023, General Motors tẹ̀ lé e lóṣù kejì. Àní ilé iṣẹ́ tó fọ EV1! Nissan ńkọ́? Nígbà tí wọ́n fi Ariya hàn ní 2020, CCS ló wà nímú rẹ̀ ní Yúróòpù. Bàbá CHAdeMO ti kó kúrò nílé, ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀.

Ta wá ni àwọn ọmọ náà? Ẹ lọ wo ibi ìgúnwà Leaf àlòkù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì ni, awakọ̀ tákísí ni, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, àwa ni. Àwọn tó lówó ra tuntun, wọ́n lò ó fún ọdún mẹ́ta, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹlẹ́nu CCS. Wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú, a sì rò pé ọlá ṣíbí ló dé. A ò mọ̀ pé ẹnu la rà, kì í ṣe ọkọ̀. Níbi tí wọ́n bá gbé ṣájà méjìlá tuntun sí, wọ́n á dá ẹyọ kan sí fún wa, tó bá kú, kò sẹ́ni tó ń sáré wá tún un ṣe. A kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ rẹ̀: tálákà ló máa ń gbẹ̀yìn sórí púlọ́ọ̀gì àtijọ́.

Òfin dé lẹ́yìn ìrìn àjò wa. Láti oṣù Kọkànlá 2023, ṣájà gbangba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ máa kọ iye owó rẹ̀ sójú, ní pẹ́ńsì fún kílówáàtì-wákàtí kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù Kọkànlá 2024, ṣájà ayára gbọ́dọ̀ gba káàdì báńkì lásán láìsí áàpù, kí nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ wà tọ̀sán-tòru, kí dátà ipò wọn ṣí sílẹ̀, kí àwọn ṣájà ayára ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa ṣiṣẹ́ ìdá 99 nínú 100 àkókò láàárín ọdún. A yọ̀ sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ìdá 99 yẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ lè dé 99 nígbà tí ìkẹtàlá wa ṣì wà nínú òkùnkùn rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ kiri ló gbà wá. Ó rí imú ọkọ̀ wa, ó rẹ́rìn-ín. Òun náà ti ní Leaf rí. Ó júwe ìlú kékeré kan tó wà ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ojú ọ̀nà, ó ní ẹ̀yìn ọjà ńlá ibẹ̀, ṣájà CHAdeMO kan wà tí kì í kú. Kò sí nínú áàpù kankan tí a ní. A pa éèsì, a ṣí fèrèsé, a ń rìn bí ẹni gbé ẹyin lórí. Ìdá 6 ló kù nígbà tí a débẹ̀. Ṣájà náà gba káàdì báńkì, ó tàn. Ó sì yẹ kó máa gbé nǹkan bíi 46 kílówáàtì, 23 ló ń gbé, torí ìkẹta wa lọ́jọ́ náà nìyẹn, bátìrì ti gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ. Mọ́mì sùn. A jókòó sórí èbúté ọgbà náà, à ń ka nọ́ńbà tó ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago kan ààbọ̀ òru la wọ Sunderland. Nígbà tí àwọn èèyàn ń béèrè láàárọ̀ pé ìrìn àjò ńkọ́, Mọ́mì ní, "Ọkọ̀ wọn kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíì." Orúkọ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pe ọmọ náà, kó tó kan tiwa.

Nílé ńkọ́? Ní 2021, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ ṣíṣe ní Nàìjíríà ṣí ṣájà tó ń lo oòrùn ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, Ṣókótó. Láti Èkó sí Ìbàdàn ò tó ọ̀nà tí Leaf wa lè rìn lẹ́ẹ̀kan. Àtibọ̀ ni ìbéèrè. Ní Benin àti Togo, ọ̀nà Hartford ti 1910 ló tún jí: láti 2022, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Spiro báyìí ń pín alùpùpù oníná fún àwọn sémìján, tí bátìrì bá kú, wọ́n á yà sí ibùdó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ki èyí tó kún bọ̀ ọ́, wọ́n á máa lọ. Kò sí ìjà ẹnu níbẹ̀, torí ẹnì kan ló ni gbogbo ẹnu. Ìyẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: Better Place, tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ ní Israel àti Denmark, wó lulẹ̀ ní 2013, àwọn tó ra ọkọ̀ rẹ̀ sì jókòó ti bátìrì tí kò sẹ́ni tó máa pààrọ̀ rẹ̀.

Nissan fi Leaf tuntun hàn ní 2025. Ti Yúróòpù, CCS ni. Tiwa ṣì wà níwájú ilé, a ṣì ń wà á, a sì ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ máàpù níbi gbogbo tí a bá dúró. Nígbàkúùgbà tí Mọ́mì bá pè láti Abẹ́òkúta, tí wọ́n bá ti béèrè ọmọ, wọ́n á ní, "Mọ́tò yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti rí ẹnu fún un?" A tún gba ibùdó A1 yẹn kọjá lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ṣájà tuntun ibẹ̀ ti di mẹ́rìndínlógún. Ìkẹtàlá àná ti kúrò, wọ́n sì ti sún àgbá ìdalẹ̀nù síbi tó wà.